Ẹsẹ̀ Tí Mùtíù Kò Wọ̀n

Má kí mi, Mùtíù! Má kí mi rárá. Ẹ káàárọ̀ wo? Àárọ̀ wo ló dáa nínú rẹ̀? Pa rédíò yẹn, fi òòlù sílẹ̀, kí o wo nǹkan tó wà nínú ọ̀rá tí mo jù sórí tábìlì rẹ yìí. Ṣé o dá a mọ̀? Bàtà tí o fi ọwọ́ ara rẹ rán fún Kafilat ọmọ mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti là. Èmi ni mo fi bíléèdì là á láti gìgísẹ̀ dé iwájú bí ẹni la ẹja, èmi ìyá rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀ nínú pálọ̀ mi, tí ọmọ fi eyín di ìrọ̀rí mú kí àwọn ará ilé má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún! Bàtà wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ tán, bàtà kọ̀, kò bọ́ mọ́!

Rárá, má tíì sọ nǹkan kan. Ìwọ ti sọ tìrẹ lọ́jọ́ tí a wá síbí. O ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run dá tí mi ò lè rán bàtà fún." Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Inú mi dùn débi pé mo ṣàdúrà fún ọ, mo tún ṣàdúrà fún ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, nítorí èmi àti ẹ̀ la jọ ti Ìsẹ́yìn dé Ajégúnlẹ̀, yàrá kan náà la kọ́kọ́ gbà. Mo ní ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, kò ní já mi kulẹ̀. Háà! Ọmọ ọ̀rẹ́ mi!

Ṣé ẹsẹ̀ Kafilat ṣàjèjì sí ọ ni? Ẹsẹ̀ ọ̀tún fúnra rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, sáìsì mẹ́rìnlélógójì, ó fẹ̀ níwájú bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Èyí ò tíì burú. Ti òsì ńkọ́? Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́, òun jẹ́ méje, ẹ̀ ń fò gọ́tà kiri lẹ́yìn òjò, kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà yí dànù, ó sì jókòó lé ọmọ mi lẹ́sẹ̀. Ìwọ lo sáré wá pè mí. Bàbá tó ń to eegun ní Ìjọra Badia ló tò ó, ó ṣe ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ mọ. Ó jinná, ṣùgbọ́n ó jinná bó ṣe wù ú. Àtàǹpàkò kọjú síbì kan, àwọn ọmọ ìka yòókù kọjú síbòmíì, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wú sókè bí ẹni pé àkàrà wà lábẹ́ awọ. O mọ̀! Gbogbo òpópónà wa ló mọ̀. Nítorí náà má sọ fún mi pé o gbàgbé.

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ènìyàn!

Ṣé o mọ ohun tí ojú ọmọ yẹn ti rí lórí bàtà? Nínú oṣù ààwẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè é fún ìntáfíù níbì kan. Ó wọ sálúbàtà rẹ̀ dúdú, ó mọ́ roro, òun ló wọ̀ parí pólì. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ò wo ojú rẹ̀, kò wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ilẹ̀ ló wò. Ó ní wọn kì í wọ sálúbàtà wọlé. Kafilat bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ mi ni kì í gba bàtà." Ọkùnrin yẹn ní kó lọ mú ẹsẹ̀ míì wá. Ẹsẹ̀ míì, Mùtíù! Ṣé wọ́n ń tà á ni? Ọmọ padà sílé, kò sunkún, kò ṣépè, ó kó gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í pa. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò kọ lẹ́tà síbì kankan. Bí mo bá ní kó jáde, á ní níbo? Bí mo bá ní kó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní ilẹ̀ rọ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn o! Ilẹ̀ rọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn!

Ìgbà tí ìwé tuntun wá dé, láti ilé iṣẹ́ kan tó ní yáàdì kọntéénà ní Àpápá, tó ti kọ lẹ́tà sí tipẹ́, akọ̀wé ni wọ́n ń wá, ẹni tí yóò máa ka kọntéénà sínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tó tìtorí ẹ̀ kàwé gan-an, ǹjẹ́ o mọ ohun tó kọ́kọ́ kà sí mi létí? Kì í ṣe orúkọ iṣẹ́. Kì í ṣe iye tí wọn ó san. Ìsàlẹ̀ ìwé pátápátá ló kà: kí olúkúlùkù wọ bàtà dúdú tó bo gbogbo ẹsẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n tún ti dé o." Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn mọ́ láyé mi.

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọjọ́ mẹ́rin! Mo ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta tapólì ìborí ẹrù pa, àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà ń pè mí láti Kirikiri pé òjò fẹ́ ba ẹrù àwọn jẹ́, mo ní kí òjò máa rọ̀, bàtà ọmọ mi ni mò ń wá. A dé ọ̀dọ̀ Chinyere tó ń ta bàtà òkìríkà ní Boundary, ó da àpò mẹ́ta sílẹ̀ fún wa. Bàtà obìnrin parí sí sáìsì méjìlélógójì, bí ẹni pé ibẹ̀ ni Ọlọ́run dá ẹsẹ̀ obìnrin dúró sí. Ó mú ti ọkùnrin wá. Ọ̀tún wọ̀ ọ́, òsì dúró sí àárín ọ̀nà. Ó mú èyí tó tóbi jù wá, òsì wọ̀ ọ́, ọ̀tún wá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú tiẹ̀. A ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́, Kafilat rìn lọ rìn bọ̀, bàtà ń dún gbàlà gbàlà bí ẹṣin ọba. Chinyere wò ó, ó ní, "Mama, dis leg na goalkeeper leg o!" Inú bí mi, mo fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n Kafilat ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá rẹ́rìn-ín títí. Chinyere ò fi ọ̀rọ̀ bò, ìyẹn ṣáà fojú kan ẹsẹ̀ méjèèjì kó tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn fọwọ́ kàn án!

Òun náà ló sọ pé kí a yéé dààmú, pé bàtà rírán ló lè wọ irú ẹsẹ̀ yìí. Èmi ni mo dárúkọ rẹ. Èmi ni mo fà ọ́ yọ!

A dé ibí, o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Fóònù mi ló dún, dẹ́rẹ́bà kan ni, mo jáde síta lọ dá a lóhùn nítorí ariwo ẹ̀rọ rẹ yìí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo padà wọlé, o ti ká páálí tí o fi ya ẹsẹ̀ rẹ̀, o ti fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí, o ní ó parí, ẹ wá mú un ní Àlàmísì. Àlàmísì dé, o ní awọ ò tíì dé. Jímọ̀, o ní iná ò sí. Sátidé, o ní gọ́ọ̀mù. Ìntáfíù di ọ̀la, o ò gbé fóònù mọ́. Àárọ̀ Àtàláátà gan-an, aago mẹ́fà ààbọ̀, lo wá kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, o ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó!" Mo wò ó. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ, Mùtíù, bàtà náà lẹ́wà. Ó dúdú, ó ń dán, gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, ojú rẹ̀ bò dáadáa. Mo fọwọ́ kàn án, omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Kí n tó gbójú sókè, o ti lọ. O ò dúró kó wọ̀ ọ́ lójú rẹ!

Ọ̀tún wọlé bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀. Òsì dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

A da páúdà sí i. A fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ kó lè yọ̀. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tì í láti gìgísẹ̀, Kafilat di ara ògiri mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, aago ń lọ. Mo ní, "Kafi, ṣé kí a fi sílẹ̀?" Ó ní, "Ká fi sílẹ̀ kí n wọ kí ni?" Sálúbàtà nìkan ló kù nílé, ọmọ sì ti mọ ibi tí sálúbàtà ń báni dé. Ó kánjú tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹsẹ̀ wọlé, ó dún pọ́ọ̀! Ó dìde, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní kò dun òun. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ.

Ní ẹnu géètì, ọlọ́dẹ tó ń jẹ́ Monday ń to àwọn ọmọ tó wá fún ìntáfíù. Òun náà, ilẹ̀ ló wò. Ó dá ọmọkùnrin kan padà tó wọ kámbáàsì. Ó dé ọ̀dọ̀ Kafilat, ó tẹ̀ ba, ó wo bàtà rẹ yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Correct shoe! Enter." Ó tún fi í hàn fún àwọn yòókù pé irú rẹ̀ ni kí wọ́n máa wọ̀ wá. Ṣé o gbọ́? Wọ́n ń yin bàtà, ẹsẹ̀ ń kú lọ nínú rẹ̀! Ìta ibẹ̀ ni mo dúró sí, tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí òmùgọ̀.

Àjà kẹta ni ọ́fíìsì wọn wà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà jókòó dúró. Láti aago mẹ́jọ! Aago mẹ́sàn-án lu, mẹ́wàá lu, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kafilat ní òun ronú pé kí òun rọra bọ́ ọ lábẹ́ àga, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé bó bá jáde, kò ní wọlé mọ́ láéláé, wọ́n sì lè pe òun nígbàkigbà. Bí ó bá bọ́ ọ, iṣẹ́ lọ. Bí kò bá bọ́ ọ, ẹsẹ̀ lọ. Ó wá jókòó sáàárín méjèèjì, kò lè yí síbì kan. Ìgbẹ́ gbuurù ń da ẹni tó jókòó tì í láàmú... dákẹ́, mi ò fẹ́ kí o rẹ́rìn-ín. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo àwọn yòókù ń dìde lọ sí ilé ìtura, òun nìkan ló jókòó gan-an láti aago mẹ́jọ títí aago kan fi kọjá, nítorí kò lè rìn dé ibẹ̀ kó sì rìn padà. Àwọn tó wà ní ẹ̀wọ̀n Kirikiri, adájọ́ ti sọ ọjọ́ tí wọn yóò jáde fún wọn. Ta ló sọ fún ọmọ mi?

Nígbà tí wọ́n pè é, obìnrin kan tó ń jẹ́ Madam Eucharia ló bi í ní ìbéèrè. Gbogbo rẹ̀ ló dáhùn. Mùtíù, gbogbo rẹ̀! Obìnrin yẹn kọ nǹkan, ó mi orí, ó ní kó kọ nọ́ńbà kọntéénà mẹ́wàá láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ọ́. Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Obìnrin náà dìde, ó ní, "Ó dáa, jẹ́ ká lọ wo yáàdì."

Àjà mẹ́ta sísọ̀! Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń fi ọ̀tún kọ́kọ́ balẹ̀ bí ọmọdé. Oòrùn ọ̀sán ń jó, òkúta wà nílẹ̀ yáàdì, Madam ń rìn kíákíá láàárín kọntéénà, ó ń ní kó ka èyí, kó ka tọ̀hún. Ìlà àkọ́kọ́, ó kà á. Ìlà kejì, ó kà á. Ìlà kẹta, ìrora gún un dé itan, ó fẹ̀yìn ti kọntéénà, irin gbígbóná jó o lẹ́yìn, ó tún sún kúrò. Madam yíjú, ó ní, "Kafilat, ṣé kò sí wàhálà?" Ọmọ mi ní, "Kò sí, mà." Ó rẹ́rìn-ín sí i! Ẹ̀jẹ̀ wà nínú bàtà, ó ní kò sí! Inú bí mi sí òun náà nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, mo ní kí ló dé tí kò sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun? Ó ní, "Mọ́mì, ta ni yóò gba ẹni tí kò lè rìn yáàdì já?" Ó ka ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán. Kò fo ọ̀kan.

Bó ṣe dé ilé ni mo ti sọ. A fà á, kò bọ́. A da òróró sí i, kò bọ́. Mo wá mú bíléèdì. Èékánná àtàǹpàkò bá awọ jáde, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bó yànmọ̀. Obìnrin kẹ́míìsì ní kó má wọ bàtà líle kankan sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀! Lánàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n pè é. Nínú gbogbo wọn, àwọn méjì ni wọ́n mú, Kafilat wà níbẹ̀. Kí ó padà wá ní Àlàrùbá wá rí ọ̀gá àgbà. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé fóònù sílẹ̀, kò yọ̀. Ọmọ tó gba ìròyìn ayọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́.

Owó wo lo fẹ́ dá padà? Ta ló bi ọ́ ní owó? Gbé owó rẹ kúrò níwájú mi!

Wá wò ó. Mo yọ ìtẹ̀lé inú bàtà méjèèjì, mo fi wọ́n lé ara wọn, èyí rèé. Mùtíù, ọ̀kan náà ni! Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan lo wọ̀n. O yí páálí rẹ dojú bolẹ̀, o pè é ní òsì! O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, o ń pa làpálàpá! Ẹsẹ̀ tó dáa lo gbájú mọ́, èyí tó gbé wa wá sọ́dọ̀ rẹ ni o ò bojú wò! Kí ló ṣe ọ́? Ṣé ó ń rùn ni? Ṣé ó ń ràn ni? Mo fi Kùránì búra...

Kí lo wí?

Sọ ọ́ sókè. Ta ló ní kí o má wọ̀n ọ́n?

Irọ́ ni. Wàláì, irọ́ lò ń pa. Kafilat? Kafilat ọmọ mi ló ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bọ̀dá Mùtíù, bákan náà ni"? Ó fà á sẹ́yìn? Kò bọ́ ìbọ̀sẹ̀? ... Ìgbà tí mo wà níta?

Jẹ́ kí n jókòó.

Rárá, mi ò mu omi.

Èmi ni mo ra ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń rà á. Ọjọ́ Iléyá, bí a bá fẹ́ jáde, màá ní, "Kafi, fa aṣọ rẹ wálẹ̀." Bí àlejò bá wọlé, màá ṣẹ́jú sí i, á sì ká ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bi mí ibi tí mo wà nígbà tí kọnkéré yí lé e lẹ́sẹ̀. Mo kọ́ ọ dáadáa, àbí? Ó mọ̀ ọ́n débi pé, níwájú ẹni tó fẹ́ rán bàtà fún un, ó fi ẹsẹ̀ pamọ́. Olúwa ò, dárí jì mí.

Hẹn-ẹn. Ṣùgbọ́n má rò pé o ti bọ́ o! Má mí kanlẹ̀! Ọmọ tijú, ó yé mi. Èmi ìyá rẹ̀ tijú, Ọlọ́run á bi mí. Ìwọ aránbàtà, kí ni tìrẹ ńbẹ̀? Bí aláìsàn bá ní kí dókítà má wo egbò òun, ṣé dókítà á ní ó dáa, kó wo èyí tó jinná? O mọ̀ pé kì í ṣe bákan náà! Ìwọ tí o wà níbẹ̀! O gbọ́ "bákan náà ni," ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, o gbà á. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ fi ẹsẹ̀ kan pamọ́, òun nìkan ló wá fi í rìn yí yáàdì ká.

Kafilat! Kafilat o! Sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tí mo ní kí o jókòó sí níta yẹn, kí o wọlé. Rọra. Di ilẹ̀kùn mú. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí. Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ní bọ́ ọ. Má wo ojú mi, mi ò ní ṣẹ́jú sí ọ lónìí. Àwọn tó ń kọjá? Kí wọ́n máa kọjá lọ, ojú wọn ni. Bí wọ́n bá fẹ́ wò ó, kí wọ́n yà wá wò ó dáadáa.

Ìwọ náà, sún mọ́ ibí. Ṣé o ti rí i? Awọ rírọ̀ ni o máa lò, èyí tó rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Fi àyè sílẹ̀ fún báńdéèjì, fi àyè sílẹ̀ fún ibi tó wú, sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣí tó kó lè bọ́ nígbà tó bá fẹ́. Òní Sátidé. Mo ti bu oúnjẹ mi dání, mo ti kírun, mi ò kúrò lórí àga yìí àfi tí mo bá rí i lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbé e sórí itan rẹ kí o wọ̀n ọ́n. Kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀ nígbà tí mò ń la bàtà rẹ.

Kí lò ń wò lókè àjà? Ẹsẹ̀ kankan ò sí lókè àjà, Mùtíù. Wo ilẹ̀!